Ilẹ̀kùn Tí Wọ́n Kọ "Tirez" Sí

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ẹ̀yin tí ẹ kì í kọjá lára sáínbọ́ọ̀dù láìkà á sókè,

Ẹ kú àtijọ́. Mo mọ̀ pé ká ní ẹ wà lórí àpótí yín nínú ṣọ́ọ̀bù ni, ẹ ò ní jẹ́ kí n kúnlẹ̀ tán kí ẹ tó bi mí pé kí ni mo rí kà lọ́nà. Nítorí náà, mi ò ní fi ìkíni dá yín dúró. Mo ti kọjá bọ́dà, Bàbá. Èmi àti Bàbá Tóbi, ọkọ mi, lọ sí Kútọnu. Ọjọ́ márùn-ún la lò níbẹ̀, mo sì kó sáínbọ́ọ̀dù bọ̀ fún yín nínú ìwé kíkọ, bí ẹ ṣe kọ́ mi.

Ṣé ẹ rántí? Láti ìgbà tí mo ti wà ní pámárì, ibikíbi tí mo bá lọ, ohun kan ṣoṣo tí ẹ máa ń ní kí n mú bọ̀ ni sáínbọ́ọ̀dù. Àwọn ọmọ yòókù á mú búrẹ́dì bọ̀ láti ìrìnàjò, èmi á mú ohun tí wọ́n kọ sára ògiri Ìbàdàn bọ̀. Ẹ máa gba ìwé náà, ẹ máa fi ìka tọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ẹ máa wá sọ bóyá ẹni tó kọ ọ́ jẹ́ kí lẹ́tà rẹ̀ mí tàbí ó fún wọn lọ́rùn pa. Ẹ ò kọjá Ìlọrin rí títí ẹ fi lọ. Ẹ máa ń sọ pé ohun tó ń wu yín nínú ìlú òkèèrè kì í ṣe òtútù wọn, kì í sì í ṣe ilé gíga wọn, pé bí wọ́n ṣe ń kọ sáínbọ́ọ̀dù ni. Kútọnu kò jìnnà tó èyí tí ẹ ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n èdè mìíràn ni wọ́n fi kọ ògiri wọn. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀ ná.

Kí n tó ṣí ìwé náà, ó yẹ kí ẹ mọ bí ilé ṣe rí. Ṣọ́ọ̀bù yín ṣì wà níwájú ilé ní Ìkòsí. Ilẹ̀kùn pákó yẹn ṣì wú bó ṣe máa ń wú nígbà òjò, gbogbo oníbàárà tó bá dé ṣì máa ń tì í. Ẹ rántí pé ẹ̀yin máa ń jókòó sínú, ẹ ó máa pariwo pé kí wọ́n fà á. Ẹ̀yin tí ẹ kọ sáínbọ́ọ̀dù fún gbogbo Ketu, ẹ ò kọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan sára ilẹ̀kùn ara yín. Ọdọọdún lẹ máa ń sọ pé ẹ máa kọ ọ́ tí ọwọ́ bá dilẹ̀.

Láti ọjọ́ tí a ti sin yín, oṣù méje gbáko, mi ò fọwọ́ kan búrọ́ọ̀ṣì. Màá wá láàárọ̀, màá gbálẹ̀, màá jókòó ti agolo ọ̀dà, màá tún ti ilẹ̀kùn kí n máa lọ. Tí oníbàárà bá dé, màá ní ọ̀gá ò sí. Wọ́n á ní àwọn ti gbọ́, kí Ọlọ́run tẹ́ yín sí afẹ́fẹ́ rere, wọ́n á sì yí padà. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó ní kí èmi kọ ọ́ fún òun.

Ẹ̀yin lẹ fà á, Bàbá. Ọdún mẹ́rin tó gbẹ̀yìn, nígbà tí ojú yín ti rẹ̀ tí ọwọ́ yín sì ń gbọ̀n, èmi ni mò ń kọ gbogbo rẹ̀. Èmi ni mo kọ pátákó àwọn onítòmátì ní Mile 12. Èmi ni mo kọ ọ́ sára ògiri láti Shangisha dé Mende pé ilé yìí kì í ṣe fún títà. Èmi ni mo kọ gbogbo àwọn pátákó ibi tí wọ́n ti ń pe fóònù lábẹ́ agboòrùn ní bọ́sítọ́ọ̀pù Ketu. Ẹ máa jókòó ti mí, ẹ máa wo ọwọ́ mi, tí mo bá parí, ẹ máa ní kí n fi ÀLÀMÚ ARTS sí igun ìsàlẹ̀. Tí oníbàárà bá wá wọlé, ẹ máa fi mí hàn án pé ọmọ yín nìyí, òun ló ń bá yín fọ búrọ́ọ̀ṣì. Gbogbo ìgbà. Màá rẹ́rìn-ín músẹ́, màá sì na ọwọ́ sí ìgò kẹrosíìnì. Ṣé ojú ń tì yín ni? Àbí ẹ rò pé wọn ò ní gbé iṣẹ́ fún obìnrin? Ó dùn mí. Mo bínú sí yín lórí rẹ̀ púpọ̀, mi ò sì sọ ọ́ fún yín nígbà tí ẹ lè dá mi lóhùn. Mo ti sọ ọ́ báyìí.

Bọ̀dá Káyọ̀dé, àkọ́bí yín, kì í ṣe ènìyàn burúkú. Òun ló ń gbé yín lọ gbé yín bọ̀ nígbà àìsàn, láti Mende tó ń gbé wá sí Ìkòsí, lẹ́yìn tó bá ti ọ́fíìsì dé tó sì ti rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ohun tó mọ̀ nípa ṣọ́ọ̀bù kò ju ohun tí ẹ sọ fún gbogbo ayé lọ. Lójú tirẹ̀, atíìsì ti kú, ó ku ẹni tó ń fọ búrọ́ọ̀ṣì. Ó wá rí ọkùnrin kan tó ní ẹ̀rọ tí ń tẹ báńà, irú èyí tí wọ́n ń fi kọ̀ǹpútà yà, tó máa ń yọ jáde gbọọrọ bí aṣọ. Ọkùnrin náà fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù. Bọ̀dá ní iṣẹ́ ọwọ́ ti kásẹ̀ ńlẹ̀, pé kí n kúkú máa bá ọkọ mi ta páàtì ọ̀kadà. Ó ní Sátidé tí a bá ti Kútọnu dé, òun á mú ọkùnrin náà wá wo inú ilé. Kí ni mo fẹ́ wí? Pé tèmi ni? Ta ló máa jẹ́rìí sí i?

Ẹnì kan ṣoṣo ló lè jẹ́rìí sí i, ẹni náà sì fẹ́ sọ̀rọ̀ ní àárọ̀ Tọ́sìdeè tí ẹ lọ yẹn. Mo ti gbé pátákó oníṣu kan dání, ó ti pẹ́, wọ́n ń dúró dè mí ní Mile 12. Ẹ na ọwọ́ sí mi láti orí bẹ́ẹ̀dì, ẹ ní ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù wà tí ẹ fẹ́ bá mi sọ. Mo ní kí ẹ jẹ́ kí n lọ kí n dé. Mo lọ, mo dé lóòótọ́. Ẹ ò dúró. Kí lẹ fẹ́ sọ, Bàbá? Ṣé kí n tì í pa ni? Ṣé kí n fi lé Bọ̀dá lọ́wọ́? Ṣé ó kàn jẹ́ pé agolo ọ̀dà kan ni ẹ fẹ́ kí n bò kó má gbẹ? Oṣù méje ni mo ti ń bi ara mi, kò sì sí oúnjẹ kan tó dùn lẹ́nu mi.

Bàbá Tóbi ló rí i pé mò ń rù. Ó gbọ́ pé àwọn ará Ṣáínà kan ń ta páàtì ọ̀kadà ní Kútọnu, ó fẹ́ lọ wò ó, ó wá ní kí n bá òun lọ. Ó ní láti ìgbà tí a ti ṣègbéyàwó, Abẹ́òkúta nìkan ni a jọ sùn sí yàtọ̀ sílé, ìyẹn náà sì jẹ́ torí òkú. Ó ní kí n wá gba atẹ́gùn sára kí Sátidé tó dé. A fi Tóbi sọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi, a wọ ọkọ̀, a gba Sẹ̀mẹ̀ kọjá.

Ó yá, mo ti ṣí ìwé náà báyìí.

A ò tíì jìnnà sí bọ́dà tí mo fi rí àkọ́kọ́: PAIN. Lẹ́tà gàdàgbà, ọ̀dà pupa, inú P rẹ̀ sì tóbi jù, ẹ ò ní fara mọ́ ọn. Ìwọ̀nba Gẹ̀ẹ́sì tí èmi àti ọkọ mi gbọ́ ti tó láti mọ̀ pé ìrora ni wọ́n kọ yẹn. Mo rò pé ilé oògùn ni. Bàbá Tóbi ní ó lè jẹ́ ibi tí wọ́n ti ń fa eyín. A tún rí òmíràn níwájú, a tún rí òmíràn, ó wá dà bíi pé kò sí ọjà mìíràn tí wọ́n ń tà lójú títì yẹn ju ìrora lọ. Ìgbà tí ọkọ̀ dúró tí obìnrin kan gbé àtẹ wá sójú fèrèsé ló tó yé wa. Búrẹ́dì ni, èyí tó gùn tó apá mi. A ra méjì. Bàbá Tóbi jẹ tiẹ̀ tán, ó ní òun ò tíì jẹ ìrora tó dùn tó báyìí rí.

Èkejì yìí, ẹ gbọ́dọ̀ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ní ọjọ́ kejì, a ń wá àwọn ará Ṣáínà wa kiri, ẹsẹ̀ wa gbé wa dé àdúgbò kan tó rí bíi Magodo, ibi tí òdòdó ti ń yọ lórí fẹ́ǹsì tí ojú ọ̀nà sì dákẹ́. Wọ́n kọ ọ́ sára géètì kan: ATTENTION CHIEN MECHANT. Bàbá Tóbi dúró. Ó ní òun ti rí i. Ó ní Chien yẹn, orúkọ ará Ṣáínà ni. Ó ní Mechant yẹn, oníṣòwò ni, pé wọ́n kàn ń kọ ọ́ lọ́nà tiwọn ni. A lọ síwájú, a tún rí i lára géètì mìíràn. A rí i lára géètì keje. Ẹnu wá yà á. Ó ní ọkùnrin yìí lówó o, pé òun nìkan ló ni gbogbo àdúgbò. Mo bi í pé Attention yẹn wá ń kọ́. Ó ronú sí i, ó ní ó ní láti jẹ́ pé ènìyàn gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán bíi ti ṣọ́jà kó tó bá a sọ̀rọ̀, torí ẹni ńlá ni.

Bàbá, ọkọ mi tún fìlà rẹ̀ dé. Ó fi ìṣẹ́tí aṣọ nu bàtà. Ó yan géètì tó lẹ́wà jù, ó tẹ agogo, ó sì dúró ṣánṣán, apá méjèèjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara. Ohun tó dá a lóhùn kì í ṣe ará Ṣáínà. Ó gbó lẹ́ẹ̀kan, ilẹ̀ mì tìtì. Ìgbà tí mo máa fi wẹ̀yìn, Bàbá Tóbi ti kọjá mi lọ, fìlà rẹ̀ sì wà nílẹ̀ níwájú géètì. Mégádì ilé náà ló mú un wá fún wa. Kò gbọ́ èdè wa, a ò gbọ́ tirẹ̀. Ó kàn nàka sí ọ̀rọ̀ ara géètì, ó sì gbó bí ajá, ó tún nàka sí i, ó tún gbó, kó lè dá a lójú pé ó yé wa.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ létí títì, mo rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú mi. Àkọ́kọ́ nìyẹn láti ìgbà tí ẹ ti lọ. Ó sì yẹ kí n ti mọ̀, torí mo bá yín ṣe irú pátákó yẹn, ti kí wọ́n ṣọ́ra fún ajá, tó mélòó kan ní Magodo. Ṣé ẹ rántí ajá tí ẹ yà fún ọkùnrin onílé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn? Ó wò ó títí, ó ní òun ò sin àgùntàn. Ẹ dá a lóhùn pé olè tó bá sún mọ́ ọn débi tó fi mọ̀ pé àgùntàn ni, ajá ti bù ú jẹ tán. Ó sì gbé e lọ. Gbogbo lẹ́tà ló ń gbọ́rọ̀ sí yín lẹ́nu, ajá nìkan ni kì í gbọ́.

Àwọn tó kù ní Kútọnu ni CHEZ. Kò sí ibi tí kò sí. Chez Adjoké, Chez Sikiratou, Chez Alabi. Wọ́n ń jẹ́ orúkọ wa níbẹ̀, Bàbá, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ ọ́ ló yàtọ̀. Èmi ti ń pè é ní ṣẹ́ẹ̀sì láti ọjọ́ tí a dé, àfi ìgbà tí a jẹun lọ́dọ̀ Adjoké yẹn tí mo gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pè é gan-an. Wọn kì í pe lẹ́tà sẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìn rẹ̀. Ṣé ni wọ́n ń pè é. Ọ̀dọ̀ lágbájá ló túmọ̀ sí, ìyẹn ni pé ọ̀dọ̀ Àjọkẹ́ nìyí. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá kà á sókè bí ẹ ṣe máa ń kà á, ìbéèrè ni gbogbo ìlú náà ń béèrè. Ṣé Àjọkẹ́? Ṣé Sikirátù? Ṣé Àlàbí? Bàbá Tóbi wá bẹ̀rẹ̀ sí í dá wọn lóhùn lójú títì. Rárá o, Àjọkẹ́ kọ́. Ẹ pẹ̀lẹ́, Sikirátù ò sí nílé. Àwọn ènìyàn ń wò wá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo kọ orúkọ yín sínú ìwé bí wọ́n ṣe máa kọ ọ́ níbẹ̀, CHEZ ALAMOU, mo sì kà á sókè. Ṣé Àlàmú? Mo wò ó títí. Mi ò rí èsì tí màá kọ sábẹ́ rẹ̀, mo bá pa ìwé náà dé.

Ọjọ́ tó gbẹ̀yìn ni mo fẹ́ sọ fún yín ní pàtàkì. Bàbá Tóbi ti rí páàtì rẹ̀ rà, ọkọ̀ wa kò tíì gbéra, mo bá rí ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà kan lódìkejì títì. Mo ní mo kàn fẹ́ yọjú wo búrọ́ọ̀ṣì wọn ni. Ó yà mí lẹ́nu pé ó jáde lẹ́nu mi. Bàbá Tóbi mú mi lọ́wọ́ sọdá kí n tó yí ọkàn padà.

Ilẹ̀kùn gíláàsì ni, wọ́n sì kọ ọ̀rọ̀ kan sí i lára. Ọwọ́ ni wọ́n fi kọ ọ́. Ẹ̀rọ kọ́. Ọ̀dà pupa, òjìji dúdú lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ń mí. Ẹsẹ̀ R rẹ̀ nà síwájú bíi ti ẹni tó fẹ́ gbé ìgbésẹ̀, bí ẹ ṣe máa ń nà án gẹ́lẹ́. TIREZ. Bàbá Tóbi ti kọ́gbọ́n lára Chez, ó mọ̀ pé kí òun má pe sẹ́ẹ̀dì. Ó kà á jẹ́jẹ́, ó wá yíjú sí mi.

"Wọ́n ní tìrẹ ni," ó wí.

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì ti ilẹ̀kùn náà. Kò mì. Bàbá Tóbi bá mi tì í. A fi èjìká tì í, a fi ẹ̀yìn tì í, ilẹ̀kùn dúró bíi pé wọ́n kàn án mọ́lẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan tó wọ awò ojú wà nínú ṣọ́ọ̀bù tó ń wò wá láti ẹ̀yìn káńtà. Kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tó tó gẹ́ẹ́, ó dìde, ó rìn wá sẹ́nu ọ̀nà, ó sì bá wa sọ̀rọ̀ láti inú gíláàsì. Yorùbá ni, Yorùbá Pọ́tónófò tó ń lọ sókè sódò, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí kò yé mi níbẹ̀.

"Ẹ má tì í mọ́, ọmọ mi. Fífà ni wọ́n ń fà á."

Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ nìyẹn. Lédè tiwọn, kí ènìyàn fà á ni. Bàbá, mo dúró síbẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ mi lára gíláàsì, ẹkún sì gbá mi mú lójú ọ̀sán gangan. Mo ń gbọ́ ohùn yín láti inú ṣọ́ọ̀bù ní Ìkòsí, tí ẹ ń pariwo fún gbogbo oníbàárà pé kí wọ́n fà á, kí wọ́n fà á. Mo rántí pé oṣù méje ni mo ti ń ti ilẹ̀kùn, tí mò ń ti oníbàárà, tí mo sì ń rò pé ẹ̀yin lẹ ti mí síta. Ta ló rán ìyá yẹn sí mi? Mo mọ̀ pé ọ̀dà ló ń tà. Síbẹ̀ mo fẹ́ mọ̀.

Mo fà á, mo wọlé, mo ra búrọ́ọ̀ṣì méjì.

A dé Ketu ní Jímọ̀. Mi ò dúró jẹun. Mo po ọ̀dà pupa, mo fa ìlà pẹ̀lú okùn tí wọ́n fi ẹfun pa, mo kúnlẹ̀ síwájú ilẹ̀kùn pákó yín, mo sì kọ TIREZ sí i lára. Nígbà tí mo dé ẹsẹ̀ R, mo mí bí ẹ ṣe kọ́ mi, mo nà án, kò sì yẹ̀. Mi ò fi ÀLÀMÚ ARTS sí igun rẹ̀. Mo kọ́kọ́ fẹ́ fi sí i, mo wá ní kó dúró ná. Òjò ń ṣú, afẹ́fẹ́ tutù, mo sì mọ̀ pé kò ní tètè gbẹ.

Láàárọ̀ Sátidé, mo ti wà lórí àpótí yín kí wọ́n tó dé. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ara mi. Mo gbọ́ ohùn Bọ̀dá, mo gbọ́ ti ọkùnrin oníbáńà, mo sì gbọ́ tí wọ́n ń tì í. Bọ̀dá tì í lẹ́ẹ̀mẹta. Ilé bàbá rẹ̀ ni, Bàbá, wọ́n bí i síbẹ̀, kò sì mọ bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù yín ṣe ń ṣí. Ọkùnrin oníbáńà ka ohun tí mo kọ, ó bi í pé ṣé wọ́n tún ń ta táyà níbí ni. Mi ò dìde.

"Ẹ fà á, Bọ̀dá mi," ni mo wí láti inú.

Wọ́n fà á, wọ́n wọlé. Bọ̀dá ò jókòó. Ó yí padà wo ilẹ̀kùn, ó ní ìgbà wo ni Bàbá kọ èyí, pé òun ò rí i rí. Ó ní òun mọ R yẹn, pé kò sẹ́ni tó ń na ẹsẹ̀ R bẹ́ẹ̀ ní gbogbo agbègbè Kosofe yìí àfi Bàbá. Bó ṣe ń sọ ọ́ ló na ìka, tó fi tọ ẹsẹ̀ R náà, bí ẹ ṣe máa ń tọ lẹ́tà. Ó wá gbé ìka náà sójú. Ọ̀dà tútù ni. Ìka rẹ̀ pọ́n.

Ó wo ìka yẹn, ó wò mí, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo àwọn pátákó tó fara ti ògiri tí àwọn tó ni wọ́n ò tíì wá gbé. Ó nàka sí ti aláta. Mo ní èmi ni. Ó nàka sí ti ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní èmi ni. Ó nàka sí mẹ́fà, kò sí èyí tí ìdáhùn rẹ̀ yàtọ̀. Ó ní kí ló dé tí mi ò sọ ọ́ rí. Mo ní ẹ̀yin lẹ ò sọ ọ́, Bàbá, èmi ò sì fẹ́ sọ ohun tí ẹ ò sọ. Ó sorí kọ́. Ó wá bi mí pé kí ni ọ̀rọ̀ ara ilẹ̀kùn yẹn ń wí. Mo sọ fún un pé ní ibi tí mo ti mú un bọ̀, fífà ni, ní tiwa níbí, tìrẹ ló ń jẹ́.

"Tìrẹ, ti ta ni?" ó béèrè.

"Tèmi ni, Bọ̀dá mi."

Mo na àkísà àti ìgò kẹrosíìnì sí i, kó fi nu ọwọ́. Ó nu ún, ó pẹ́ lórí rẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Lẹ́yìn náà ló sọ fún ọkùnrin oníbáńà pé kó má bínú, kó bá òun wá ibòmíràn wò. Kì í ṣe pé ohun gbogbo ti tán o. Ó ní ká ṣì máa wò ó di Kérésì, pé tí kò bá sí oníbàárà nígbà náà, òun á tún padà wá. Mo ní kó wá. Nígbà tó ń lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí n kọ pátákó kan fún géètì òun ní Mende, ti kí wọ́n ṣọ́ra fún ajá. Ó ní kí ajá náà ṣáà jọ ajá. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín, mo sì rí i pé ojú rẹ̀ pọ́n.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe nìyí, Bàbá, mi ò sì ní yẹ̀ lórí rẹ̀. Màá kọ pátákó Bọ̀dá ní ọ̀sẹ̀ yìí. Màá lọ bá àwọn oníbàárà tí mo lé, lọ́kọ̀ọ̀kan, màá sọ fún wọn pé atíìsì wà ní ṣọ́ọ̀bù. Tí wọ́n bá bi mí pé ta ni, màá sọ fún wọn. ÀLÀMÚ ARTS ṣì máa wà ní igun ìsàlẹ̀, mi ò ní pa á rẹ́ láé, ṣùgbọ́n orúkọ tèmi náà máa wà lábẹ́ rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ á sì tóbi bákan náà. Ẹ máa dárí jì mí tí ẹ ò bá fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Èmi náà ti dárí jì yín lórí ti fífọ búrọ́ọ̀ṣì.

Ṣé ohun tí ẹ fẹ́ sọ ní Tọ́sìdeè yẹn nìyẹn, pé tìrẹ ni? Ẹ ò ní dá mi lóhùn, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n lábẹ́ Ṣé Àlàmú tó wà nínú ìwé mi, mo ti kọ èsì tí mo rí: TIREZ. Mo kọ ọ́ ní pupa, mo jẹ́ kí lẹ́tà rẹ̀ mí. Láàárọ̀ òní, oníbàárà kan dé, ó ti ilẹ̀kùn, kò ṣí. Mo jókòó sórí àpótí yín, mo sì pariwo mọ́ ọn láti inú pé kó fà á.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ń fọ búrọ́ọ̀ṣì, tó sì ń fi í kọ̀wé.